Òkè Gbọin-gbọin: Ìtàn Iná tí ó Bí Àpáta Ilẹ̀ Wa

Bí àgbàlagbà Yorùbá bá ń ṣúre fún ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, tàbí fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé, ó ṣọ̀wọ́n kí ó má dárúkọ òkè. Yóò ní kí ọmọ náà dúró gbọin-gbọin bí òkè, kí ó le koko bí ọta, kí ẹnikẹ́ni má lè ṣí i nípò. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Lójú ọmọ ènìyàn, gbogbo ohun tí ó wà láyé ni ó ń yí padà. Odò a máa kún, a sì tún máa fà. Igi ńlá a máa wó, ọba a máa wàjà, ìlú a sì máa tú. Ṣùgbọ́n bí baba ńlá ẹni ti bá àpáta níbi tí ó wà, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọmọ ọmọ rẹ̀ náà ń bá a. Nítorí èyí ni àwọn baba wa ṣe fi òkè ṣe àpẹẹrẹ ohun tí kì í kú, tí kì í sì í yẹsẹ̀.

Síbẹ̀, àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta ní òkè náà ní ọjọ́ ìbí tirẹ̀. Wọ́n ní àpáta tí ó le tó bẹ́ẹ̀ ti fìgbà kan rọ̀ bí ẹ̀kọ tí ó ń hó lórí iná. Wọ́n ní abẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni a bí i sí, àti pé òkè mìíràn, tí ó ga jù ú lọ fíìfíì, ni ó ti wà lókè orí rẹ̀ rí kí ó tó pòórá. Ìtàn yìí kò bu òkè kù rárá. Ńṣe ni ó ń bu iyì kún un. Ó sì yẹ kí àgbà, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ jọ mọ̀ ọ́n lásìkò yìí, nítorí pé àwọn òkè tí ogun kò ṣí nípò, tí òjò àìmọye ọdún kò wó, dínámáìtì ti ń fọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn sí wẹ́wẹ́.

ÒKÈ ÀTI ÀWA

Kò sí ẹni tí ó mọ ìtàn Ẹ̀gbá tí kò mọ Olúmọ. Ní ọdún 1830, lẹ́yìn tí ogun ti tú àwọn ìlú wọn àtijọ́ ká, Ṣódẹkẹ́ kó àwọn ènìyàn rẹ̀ dé ẹ̀bá odò Ògùn, wọ́n sì fi àpáta náà ṣe ibi ìsádi. Ibẹ̀ ni orúkọ Abẹ́òkúta ti wá. Ní Ìdànrè, orí òkè gan-an ni ìlú wà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, tòun ti ààfin àti ibojì àwọn ọba. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20 ni àwọn ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ òkè, títí di òní olónìí sì ni àlejò tí ó bá fẹ́ rí ìlú àtijọ́ náà ń gun àtẹ̀gùn tí ó ju 600 lọ. Ọdọọdún ni wọ́n sì ń ṣe ọdún Orósùn níbẹ̀. Ní Ìbàdàn, òkè tí ó gba àwọn ènìyàn là nígbà ogun ni wọ́n ń bọ lọ́dún Òkè'Bàdàn, Abọkẹ̀ sì ni olórí àwọn tí ń bọ ọ́. Ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, Ọlọ́sunta kì í ṣe àpáta lásán lójú àwọn ọmọ ìlú. Òrìṣà ni, ó sì ní ọdún tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí Nàìjíríà nìkan. Ní Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin, ìlú Ìdáìṣà jókòó sáàárín àwọn òkè tí àwọn ènìyàn máa ń pè ní mọ́kànlélógójì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àpáta rìbìtì-rìbìtì yọrí ní ẹ̀gbẹ́ ìlú Ṣábẹ̀. Nígbà tí ogun Dàhòmì ń jà, orí òkè wọ̀nyí ni àwọn ọmọ Yorùbá ibẹ̀ ń sá sí. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé a ní Òkédìran àti Òkéwọlé láàárín wa. Ẹni tí òkè bá gbà là, kò lè ṣe kí ó má fi orúkọ òkè sọ ọmọ.

Ìbéèrè tí ó wá yẹ kí a bi ara wa ni èyí: báwo ni àwọn àpáta wọ̀nyí ṣe dé ibẹ̀? Kí ni ó dé tí ilẹ̀ yóò tẹ́ pẹrẹsẹ fún ọ̀pọ̀ kìlómítà, tí òkúta ńlá kan yóò sì dédé yọrí gọngọ láàárín rẹ̀?

ỌMỌ ÌYÁ MÉJÌ

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdáhùn, kí ó kọ́kọ́ tẹjú mọ́ ara òkúta. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá mú ẹ̀là òkúta Ìdànrè dání nínú oòrùn, yóò rí i pé kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Hóró-hóró ni. Hóró kan ń dán bíi dígí. Òun ni wọ́n ń pè ní quartz. Òmíràn funfun tàbí kí ó pọ́n díẹ̀, ó sì lè gùn tó oríkèé ìka ọwọ́. Feldspar ni wọ́n ń pè é. Òmíràn dúdú, ó sì ń kọ yẹ̀rì-yẹ̀rì bí ìpẹ́ ẹja. Gbogbo wọn wọnú ara wọn, kò sí àlàfo láàárín wọn, kò sì sí ohun tí ó lẹ̀ wọ́n pọ̀. Akọ òkúta ni èyí.

Hóró ńlá bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Nígbà tí òkúta bá ti yọ́, tí ó sì ń tutù díẹ̀díẹ̀ nínú ilẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, hóró rẹ̀ a ráyè dàgbà. Ilẹ̀ tí ó bò ó mọ́lẹ̀ dà bí aṣọ ìbora, kò jẹ́ kí ooru rẹ̀ tètè jáde. Ṣùgbọ́n bí òkúta yíyọ́ bá rí ọ̀nà jáde, tí ó tú sórí ilẹ̀ tàbí sínú omi, kíá ni yóò tutù. Hóró rẹ̀ kò ní ráyè dàgbà, òkúta náà yóò sì dúdú tàbí kí ó kúnná débi pé ojú lásán kò ní í rí hóró kankan nínú rẹ̀. Òkúta òkè ayọnáyèéfín nìyí. Òkè ńlá Kamẹrúùnù tí ó tú iná jáde ní ọdún 1999, irú rẹ̀ ni ó tú sílẹ̀.

Nítorí náà, ọmọ ìyá ni òkúta méjèèjì. Inú iná kan náà ni wọ́n ti wá. Ọ̀kan jáde síta, ó tètè tutù. Èkejì dúró nínú ilé, ó pẹ́ kí ó tó le. Olúmọ, Ìdànrè àti Ọlọ́sunta jẹ́ ti èkejì. Nínú ilẹ̀ ni wọ́n ti le, ní ìsàlẹ̀ tí ó jìn tó ọ̀pọ̀ kìlómítà. Èyí gan-an ni ó gbé ìbéèrè mìíràn dìde: iná wo ni ó yọ́ òkúta tó báyìí lábẹ́ ilẹ̀ Yorùbá?

AWẸ́ ILẸ̀

Tipẹ́tipẹ́ ni àwọn ènìyàn ti ń rò pé ojú kan ni ilẹ̀ ayé wà láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Ní ọdún 1912 ni Alfred Wegener, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn ilẹ̀ ńláńlá ayé ń rìn. Lára ohun tí ó tọ́ka sí ni bí etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti bá etíkun ìlà-oòrùn Gúúsù Amẹ́ríkà mu, bí ẹ̀fọ́ igbá ti ń bá ara rẹ̀ mu. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ìgbà náà ni kò gbà á gbọ́, nítorí pé kò lè sọ ohun tí ń ti ilẹ̀ rìn. Wegener kú ní ọdún 1930 láìrí ìdáláre. Ọdún 1962 ni Harry Hess, ọmọ Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé ilẹ̀ tuntun ń yọ láàárín gbùngbùn ìsàlẹ̀ òkun, tí ó sì ń ti ilẹ̀ àtijọ́ sí apá méjèèjì. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, kò sí ẹni tí ń jiyàn ọ̀rọ̀ náà mọ́ nínú àwọn onímọ̀.

Ẹ wo obì abàtà. Odidi ni lójú, ṣùgbọ́n awẹ́ ni ó so pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni èèpo ilẹ̀ ayé rí. Kì í ṣe odidi. Awẹ́ ńláńlá ni ó pín sí, awẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń rìn lórí òkúta gbígbóná tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìrìn wọn kò yá, nítorí pé ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ ni wọ́n ń rìn lọ́dún kan, bí èékánná ọmọ ènìyàn ti ń hù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn tí kò dúró, ó di dandan kí ó dé ibi tí ó jìnnà. Sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lọ́dún yóò di 50 kìlómítà nínú mílíọ̀nù ọdún kan.

Nígbà tí awẹ́ méjì bá ń ya ara wọn, òkun ni yóò wọ àárín wọn. Nígbà tí wọ́n bá ń sún mọ́ ara wọn, ilẹ̀ abẹ́ òkun, tí ó wúwo, ni yóò rì wọ abẹ́ èkejì. Bí ó ti ń rì ni omi tí ó wà nínú rẹ̀ ń jáde, omi yìí ni ó sì ń mú kí òkúta gbígbóná tí ó wà lókè rẹ̀ tètè yọ́. Bí òkun bá ti tán láàárín wọn, ilẹ̀ gbígbẹ méjì yóò kọlu ara wọn. Kò sí èyí tí yóò rọrùn láti rì, ni wọn yóò bá wú sókè di òkè gíga. Báyìí ni Íńdíà ṣe kọlu Éṣíà ní nǹkan bí 50 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, tí òkè Himalaya fi dìde. Ìkọlù náà kò tíì parí títí di òní.

NÍGBÀ TÍ ILẸ̀ MÉJÌ KỌLU ARA WỌN

Irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ tiwa náà. Ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, kí ewéko kankan tó hù lórí ilẹ̀ gbígbẹ, kí ẹja tó wà nínú omi, òkun kan wà ní ìwọ̀-oòrùn ibi tí Tógò àti Benin wà lónìí. Ní apá kejì òkun náà ni ilẹ̀ àtijọ́ kan wà tí ó le, tí kì í tètè mì. Orí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìlú ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, láti Gánà dé Màlì, jókòó lé lónìí. Ní apá ìhín ni ilẹ̀ tí ó di Benin àti Nàìjíríà wà. Òkun náà ń rì wọ abẹ́ ilẹ̀ ìhín, títí tí ó fi tán pátápátá. Ni ilẹ̀ méjèèjì bá kọlu ara wọn.

Ibi tí wọ́n ti pàdé ṣì hàn. Àpá rẹ̀ ni àwọn òkè tí ó tò lọ láti Gánà gba Tógò kọjá dé Benin. Atakpamé, níbi tí àwọn Ifẹ̀ tí ń sọ èdè Yorùbá ń gbé ní Tógò, wà ní agbègbè àpá náà. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí òkúta òkè Lato ní Tógò àti irú rẹ̀ kan ní Màlì àti ní Ceará ní ilẹ̀ Bràsíl. Wọ́n fi hàn pé ìkọlù náà ti àwọn òkúta wọ̀nyí wọlé jìn ju 90 kìlómítà lọ kí wọ́n tó tún padà sókè, àti pé ìkọlù kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà náà, tí ó gùn tó 2,500 kìlómítà. Òkè tí ó dìde nígbà náà, wọ́n ní ó ṣeé fi wé Himalaya.

Ilẹ̀ Yorùbá wà ní ẹ̀yìn ibi ìkọlù náà gan-an. Èèpo ilẹ̀ níbẹ̀ ṣẹ́ po, ó nípọn, ooru inú rẹ̀ kò ráyè jáde, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ́. Òkúta yíyọ́ fúyẹ́ ju òkúta líle lọ. Nítorí náà ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí epo ti ń lé téńté lójú omi. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò dé òkè. Ó há sáàárín ọ̀nà, ó tutù, ó sì le. Àwọn òkúta tí ó há sí ìsàlẹ̀ òkè ńlá náà ni Olúmọ, Ìdànrè, Ọlọ́sunta àti àwọn àpáta Ṣábẹ̀. Kì í ṣe orí òkè àtijọ́ ni wọ́n. Gbòǹgbò rẹ̀ ni wọ́n. Orí ti lọ, gbòǹgbò ni ó kù.

Ọ̀rọ̀ Bràsíl tí a fẹnu bà yìí tọ́ sí ìrònú. Nígbà tí ìkọlù yìí ṣẹlẹ̀, kò sí Òkun Àtìláńtíìkì. Ilẹ̀ tí ìlú Recife wà lórí rẹ̀ ní Pernambuco so mọ́ ìhà tiwa, akọ òkúta ọlọ́jọ́ orí kan náà sì wà níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Ẹ̀yìn èyí, ní nǹkan bí 100 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ni wọ́n tó pínyà pátápátá. Àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ sí Recife, tí wọ́n gbé Ṣàngó dé ibẹ̀, rò pé ilẹ̀ àjèjì pátápátá ni àwọn tẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé òkúta tí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, ọmọ ìyá òkúta ilé ni.

ÒKÚTA DÚDÚ ÀTI ÈRE ÈSÌẸ́

Ẹnikẹ́ni lè béèrè pé, bí òkun bá ti wà rí, níbo ni ohun tí ó kù nínú rẹ̀ wà? Àwọn onímọ̀ kan rò pé díẹ̀ wà ní ìhà Ifẹ̀ àti Ìlẹ́ṣà. Níbẹ̀ ni a ti ń rí òkúta dúdú kan tí ó wúwo, tí ó kúnná. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé òkúta iná tí ó tú jáde láyé àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n tí ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ inú ilẹ̀ ti yí i padà. Agbègbè yìí náà ni àwọn ènìyàn ti ń wa wúrà láti ọjọ́ pípẹ́.

Láàárín irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni òkúta rírọ̀ kan tún máa ń wà, tí ó ń yọ̀ bí ọṣẹ bí a bá fọwọ́ kàn án. Òkúta wíwúwo tí ó ti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ wá ni tẹ́lẹ̀. Omi àti ooru ni ó sọ ọ́ di rírọ̀. Irú òkúta ọṣẹ yìí ni àwọn àgbà fi gbẹ́ àwọn ère Èsìẹ́, tí ó pọ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, tí a sì kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún ní ọdún 1945, tí í ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó gbẹ́ wọn mọ òkúta tí ó gba ọ̀bẹ. Bákan náà, ẹni tí ó gbé Ọ̀pá Ọ̀rányàn nàró ní Ilé-Ifẹ̀, tí ó ga ju mítà márùn-ún lọ, mọ òkúta tí òjò kò ní í jẹ. Àwọn baba wa kò mọ̀ nípa awẹ́ ilẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ purọ́ mọ́ wọn pé wọ́n mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ òkúta dájúdájú, wọ́n sì mọ èyí tí ó yẹ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ má sì ṣe rò pé gbogbo akọ òkúta Nàìjíríà ni ìkọlù yìí bí. J. D. Falconer, tí ó yẹ ilẹ̀ Àríwá wò láti ọdún 1904 sí 1909, ti rí i nígbà náà pé akọ òkúta ilẹ̀ yìí jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ti ilẹ̀ Yorùbá wà lára ẹ̀gbọ́n. Àbúrò ni ti Jọ́ọ̀sì, tí iná rẹ̀ jó láàárín nǹkan bí 213 sí 141 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí kò sí ìkọlù kankan mọ́. Níbẹ̀, òkúta tí ó tú síta àti èyí tí ó le sínú ilẹ̀ ṣì wà nítòsí ara wọn, inú wọn sì ni tánganran Jọ́ọ̀sì ti wá.

BÍ A TI Ń MỌ ỌJỌ́ ORÍ ÒKÚTA

Àgbà kan lè rẹ́rìn-ín kí ó sì wí pé, "Ta ni ó wà níbẹ̀ tí ó ka ọdún?" Ìbéèrè rẹ̀ tọ̀nà. Ẹlẹ́rìí náà wà nínú òkúta fúnra rẹ̀. Nínú akọ òkúta ni hóró kékeré kan máa ń wà, tí kò tó hóró iyanrìn, tí wọ́n ń pè ní zircon. Nígbà tí hóró yìí bá ń le nínú òkúta yíyọ́, a máa gba ìwọ̀nba uranium sínú, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ gba òjé. Uranium a sì máa di òjé díẹ̀díẹ̀, ní ìwọ̀n tí kì í yí padà, yálà òjò ń rọ̀ tàbí iná ń jó. Irú uranium tí ó wọ́pọ̀ jù, 4,470 mílíọ̀nù ọdún ni ìdajì rẹ̀ fi ń di òjé. Nítorí náà, bí a bá wọn òjé tí ó wà nínú hóró náà, tí a sì wọn uranium tí ó kù, a ó mọ ìgbà tí ó le. Arthur Holmes, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi ọgbọ́n yìí ka ọjọ́ orí òkúta ní ọdún 1911, nígbà tí kò ju ọmọ ọdún 21 lọ. Ní ọdún 1964, W. Q. Kennedy rí i pé ọjọ́ orí òkúta káàkiri Áfíríkà fi hàn pé iná àti ìkọlù kan náà gba ibi púpọ̀ já. Ó sì fún ìgbà náà ní orúkọ tí ó jẹ́ ti gbogbo Áfíríkà.

Nígbà tí àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, ó tẹ̀ síwájú. Ọ̀jọ̀gbọ́n M. O. Oyawoye ní Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn aṣáájú, bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n M. A. Rahaman ní Ifẹ̀, ẹni tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti fi àlàyé rẹ̀ nípa òkúta ìpìlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà kọ́ ẹ̀kọ́.

Kí iye ọdún náà lè yé ọmọdé, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ sọ 600 mílíọ̀nù ọdún di ọdún kan ṣoṣo. Bí akọ òkúta ilẹ̀ Yorùbá bá le ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, òpin oṣù kẹjọ ni iná Jọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ni àwa àti Bràsíl pínyà. Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún, nígbà tí ó ku bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá kí aago méjìlá òru lù, ni Ṣódẹkẹ́ dé abẹ́ Olúmọ.

BÍ GBÒǸGBÒ TI DI ÒKÈ

Òkè ńlá tí ó wà lókè orí àwọn àpáta wọ̀nyí, níbo ni ó wọlé sí? Òjò ni ó gbé e lọ. Oòrùn a máa gbóná, òru a máa tutù, òkúta a máa sán. Omi a wọ ojú sísán náà, gbòǹgbò igi a tẹ̀ lé e. Odò a kó iyanrìn lọ sínú òkun. Bí ẹrù ti ń kúrò lórí ilẹ̀ ni ilẹ̀ ń gbéra sókè, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ojú omi ti ń léfòó nígbà tí a bá já ẹrù inú rẹ̀. Ohun tí ó wà ní ìsàlẹ̀ jíjìn wá ń sún mọ́ ojú ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n òkúta kò jẹ́ bákan náà níbi gbogbo. Níbi tí ojú sísán pọ̀ sí, omi a wọ inú rẹ̀, a sì sọ ọ́ di ẹlẹgẹ́ lábẹ́ ilẹ̀. Níbi tí òkúta ti jẹ́ odidi, omi kò rí ọ̀nà gbà. Nígbà tí òjò bá wẹ ilẹ̀ rírọ̀ lọ, odidi òkúta náà a yọrí sókè. Falconer ti kọ irú àlàyé yìí sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1911. Bí ẹrù sì ti kúrò lórí àpáta, ara rẹ̀ tú, ó ń ṣí ní ìpele-ìpele bí àlùbọ́sà. Ìdí nìyí tí orí àwọn òkè wa fi rí rìbìtì, tí ẹsẹ̀ wọn sì kún fún pẹpẹ òkúta tí ó ti já bọ́. Abẹ́ irú pẹpẹ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń sá pamọ́ sí nígbà ogun.

Feldspar tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, amọ̀ ni ó ń dà bí omi bá ti bá a jà pẹ́. Amọ̀ tí àwọn ìyá wa fi ń mọ ìkòkò, tí àwọn baba wa fi mọ ilé àti odi ìlú, ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ ara akọ òkúta tí ó ti jẹrà. Ní Ìgbẹ́tì, òkè àpáta kan ń jẹ́ Ìyámọ̀pó, orúkọ òrìṣà tí àwọn obìnrin amọ̀kòkò ń ké pè. Àpáta ni ó bí amọ̀, òrìṣà amọ̀kòkò sì ni ó ni àpáta. Ẹni tí ó bá ní ojú inú yóò rí i pé àṣà àti ìmọ̀ pàdé níbẹ̀, láìṣe pé ẹnì kan ránṣẹ́ pe ẹnì kejì.

ÒKÈ TÍ A FỌ́ KÌ Í HÙ MỌ́

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ ni èyí. Kò sí ẹni tí yóò ní kí a má fọ́ òkúta rárá. Òkúta ni a fi ń ṣe ọ̀nà, òun ni a fi ń ṣe afárá, òun ni ó wà nínú kankéré ilé ìwòsàn àti ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n igi tí a gé lè hù padà, odò tí ó gbẹ lè tún ṣàn bí òjò bá rọ̀. Àpáta tí a fọ́ kò ní padà mọ́. Kí irú rẹ̀ tó tún wà, ó di dandan kí òkun kan tán, kí ilẹ̀ méjì kọlu ara wọn, kí òkè ńlá dìde, kí òjò sì wẹ̀ ẹ́ dànù tán. Kò sí ìdílé tí yóò dúró de ìyẹn.

Òfin tilẹ̀ rí ọ̀rọ̀ náà. Òfin Ohun Àlùmọ́nì àti Ìwakùsà ti ọdún 2007 ní Nàìjíríà kò jẹ́ kí ìwé àṣẹ ìwakùsà ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ àwọn baba ńlá, ilẹ̀ ojúbọ, tàbí ibi ìṣẹ̀ǹbáyé. Ní ọdún 2007 kan náà ni a fi orúkọ Òkè Ìdànrè sínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé. Ìwọ̀nyí dára. Ṣùgbọ́n òfin kò mọ ojúbọ fúnra rẹ̀. Ẹnu ènìyàn ni ó ń gbọ́ ọ. Bí àwọn ọmọ ìlú kò bá mọ orúkọ òkè wọn mọ́, bí ẹni tí ó mọ ìtàn rẹ̀ bá kú láìsọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ta ni yóò jẹ́rìí pé ilẹ̀ ọ̀wọ̀ ni? Ní ọjọ́ tí àwọn afọ́kùúta bá gbé ẹ̀rọ wọn dé, òkúta lásán ni wọn yóò bá níbẹ̀.

Ìdílàárín àwọn òkè olókìkí kò burú tó bẹ́ẹ̀. Olúmọ ní olùṣọ́, Ìdànrè ní àlejò. Àwọn òkè kéékèèké ni kò ní alágbàwí, àwọn tí ó wà lẹ́yìn oko, tí orúkọ wọn kò sí nínú ìwé kankan, bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ ìyá Olúmọ ni wọ́n. Iṣẹ́ àgbà ni láti sọ orúkọ òkè bẹ́ẹ̀ àti ohun tí ó ṣe fún ìlú lọ́jọ́ ogun. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti kó àwọn ọmọ lọ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ kan hóró rẹ̀, kí wọ́n sì mọ iná tí ó bí i. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni láti kọ méjèèjì sílẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Abọ̀rìṣà ní òkè kì í ṣe òkúta lásán. Onímọ̀ ilẹ̀ náà ní kì í ṣe òkúta lásán. Nígbà tí ẹlẹ́rìí méjì tí kò gbé ilé kan náà bá sọ ohun kan náà, ó yẹ kí ìlú tẹ́tí sí wọn. Kí àgbà sì lè máa ṣúre fún ọmọ pé kí ó dúró gbọin-gbọin bí òkè, ó yẹ kí òkè kan ṣì wà níbẹ̀ tí yóò nawọ́ sí.